Odò ni mo kọ́kọ́ yà

Niu Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà, 1974

Ìyá mi, àrẹdú o! Mo mọ̀ pé ìdí aró ni lẹ́tà yìí máa bá yín. Ara mi le.

Tíṣà wa ní ká ya ìlú tí àwọn ará Sípéènì tẹ̀ dó síbí láyé àtijọ́, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, odò ni mo kọ́kọ́ yà, mo wá to ilé sétí rẹ̀. Tíṣà ní èmi nìkan ni mo gbà á, torí ilẹ̀ ibí gbẹ, odò ló mú kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ó gbé tèmi kọ́ sára ògiri! Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ń gbá kíláàsì náà fún owó oúnjẹ, mo máa ń nu eruku ara rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Sikirat ìyàwó mi. Ẹ má dárúkọ ìgbálẹ̀ fún un o, ẹ sọ fún un pé ìwé nìkan ni mò ń kà.

Mùtàlíbù, ọmọ yín