Gèlè Tí A Fi Bo Ojú Baálẹ̀

Abà Ìdí-Ìyeyè,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, 1984.

Ọpẹ́láyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ooru Sókótó ò mú ọ jù? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ń lọ geere? Gbogbo wa níbí la wà láàyè, ewúrẹ́ funfun ti bí méjì, àwọn ará ìjọ kí ọ, orúnkún tó ń dùn mí ti ran èkejì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ẹkún pe ara wa. Ìyá rẹ dúró lé mi lórí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà sókè. Mo ní Ìyá Ọpẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ìkíni ló ń ṣíwájú lẹ́tà, a kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láì kí i. Ó pòṣé, ó lọ jókòó.

Lẹ́tà tí o kọ lóṣù méjì sẹ́yìn dé ọwọ́ mi, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ohun tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn ni bó ṣe yẹ kí wọ́n máa pín ọrọ̀ ìlú. O ní ẹni tó bá fẹ́ pín in dáadáa, kó pín in bí ẹni tí a bo lójú, tí kò mọ̀ bóyá ìpín olówó ló máa kan òun àbí ti akúṣẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nílé wa níbí, ẹni tó bá pín ẹran ló ń mú kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ rẹ̀ kì í fi í yẹ̀. Àmọ́ Baálẹ̀ Fádípẹ̀ ló ń pín nǹkan ìjọba, òun náà ló ń kọ́kọ́ mú, ta ni yóò bi í? Nítorí náà nígbà tí wọ́n kó ìrẹsì àti ṣúgà àti ọṣẹ wá fún abà wa, mo dìde ní ìpàdé, mo ní ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ti rí ọ̀nà rẹ̀, mo sì ka lẹ́tà rẹ sí wọn létí.

A gba gèlè ìyá rẹ aláwọ̀ ewé, a fi bo Baálẹ̀ lójú, a dì í dáadáa. A gbé kóńgò lé e lọ́wọ́, a ní kó máa pín. Ọpẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé mi títí di òní. Kóńgò kìíní dà sórí ẹsẹ̀ Ọ̀ṣẹ́nì, ọlọ́mọ mẹ́sàn-án. Ìkejì bọ́ sínú abọ́ rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ìkẹta dà sílẹ̀ yàà, ni àwọn adìyẹ bá dé. Nígbà tí ìrẹsì fi máa tán, adìyẹ ló jẹ jù lábà, bẹ́ẹ̀ Baálẹ̀ ló ni adìyẹ jù lábà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ṣé bó ṣe wà nínú ìwé yín nìyẹn? Àbí àwọn adìyẹ ló yẹ ká dì lójú? Bá mi bi ọ̀gá rẹ.

Apá kejì lẹ́tà rẹ ló wá dà mí láàmú jù. O ní àwọn olóṣèlú tí sójà lé lọ jalè lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè bi wọ́n, a sì lè fi ìbò yọ wọ́n, o ní àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí ò ṣeé bi, kò sì sí ìbò tó máa yọ wọ́n. Mi ò mọ èyí tí n bá mú. Ẹni tí mo dìbò fún, láti ọjọ́ tí mo ti dìbò fún un mi ò fojú kàn án, níbo ni n bá ti bi í? Sójà ní tiwọn ní ká máa tò sórí ìlà. Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí ìlà, mo tò. Wákàtí méjì, Ọpẹ́. Nígbà tí mo dé iwájú, nọ́ọ̀sì ní kí n gbé ọmọ tí wọ́n máa wọ̀n wá. Mo ní mi ò gbé ọmọ kankan wá. Ó ní kí ni mo wá ṣe nígbà náà? Mo ní ìjọba ló ní ká tò. Bóyá ìbéèrè tí ò ń wí nìyẹn, ó yẹ kí n ti bi ẹnì kan nípa ohun tí à ń tò fún.

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kò dùn mọ́ Baálẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí jẹ́jẹ́, ó ní kí n yá òun ní lẹ́tà náà, pé òun fẹ́ fi ojú ara òun kà á. Mo yọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti wọ̀ ọ́ létí. Ó mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọkọ̀ Pijó funfun kan dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù, lẹ́tà rẹ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbádùn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ gbọ́ sí i lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́. Orí mi wú. Mo ní Runjin Sambo lò ń gbé, ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ará Ìjẹ̀bú, yàrá kejì lápá òsì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó bèèrè bóyá a ní fọ́tò rẹ, mo fún un ní èyí tí o yà níjọ́ tí o gboyè. Ìyá rẹ gúnyán, ọkùnrin náà ní ebi ò pa òun. A bu omi fún un, kò mu.

Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ ò ti jẹun. Ó ní, “Àlejò tí kò fi ẹnu kan omi wa, kò wá kí wa.” Mo ní bóyá inú ló ń run ún. Ó ní Baálẹ̀ ni wọ́n fi gèlè òun bò lójú, èmi ni mi ò ríran. Ó ní kí n sọ fún ọ kí o kúrò ní Runjin Sambo, kí o lọ sọ́dọ̀ Lísì, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣe irun ní àdúgbò Gagi, kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn náà ò yé mi, torí bí o bá kó lọ, báwo ni ọkùnrin náà ṣe máa rí ọ? Mo ní o lè fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ kí n fún un. Ni ìyá rẹ bá bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ló jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ọpẹ́. Òtítọ́ ni mo sọ fún un, òtítọ́ náà la sì fi tọ́ ọ.

Mo fẹ́ tọrọ owó bàtà lọ́wọ́ rẹ, ìyá rẹ já bírò gbà. Òun ló wá ta ọṣẹ ìpín wa, ó rán owó rẹ̀ mọ́ etí àpò gààrí tí Tanko máa gbé fún ọ. Owó tuntun ni, kì í ṣe aláwọ̀ àtijọ́ tí wọn ò ná mọ́. Tanko yìí ni awakọ̀ tó ń kó àlùbọ́sà Sókótó wá síbí, òun ni ìyá rẹ ní kó mú lẹ́tà yìí lọ, ó ní òun ò fẹ́ rí ilé ìfìwéránṣẹ́ sójú. Bí owó náà bá ṣẹ́ kù, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ṣì ni ẹsẹ̀ mi.

Ojú tó ń fi ibi wá ọ ò ní rí ọ. Ilẹ̀ Sókótó á gbà ọ́, á sì fi ọ́ pamọ́. Wàá dàgbà, wàá sì padà wá jẹ iyán ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fámúyìwá Oyèlárán.

Ìyá rẹ tún ti wá dúró lé mi lórí, ó ní kí n ka lẹ́tà náà sí òun létí, mo kà á, ó ní mi ò tíì kọ ohun tí òun ní kí n kọ sókè. Ó ní kí n kọ ọ́ pé bí ìwé yìí bá ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, má dúró kà á, gbé àpò rẹ kí o jáde nílé náà. Mo wo òkè, ìkíni ti gba gbogbo ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ níbí nìkan ni àyè kù sí.