Ohùn Rẹ Ló Ń Tà, Ohùn Rẹ Ló Ń Rà

Ọmọ mi Aláròyé,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta tí a ò ti fojú kan ara wa. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́. Òógùn ojú rẹ kò ní di omi tí ẹlòmíràn yóò fi wẹ̀. Ibi tí ojú mi ò tó, ojú Olúwa yóò tó o. Ṣe àmín, kí o sì ṣe é sókè.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu ò dùn ún, nítorí kò sí ohun tí mo ṣe nílé yìí tí kò rí wí sí. Àbúrò rẹ ti ń rìn, dígí mi ló sì kọ́kọ́ rìn lọ fọ́. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, a ti gbé korobá síbẹ̀, korobá títà ni o, n ó nù ún kí n tó gbé e padà sọ́jà.

Ohun tó mú mi gbé bírò gan-an ni ọ̀rọ̀ ohùn rẹ.

O rántí pé kí o tó lọ, fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa nájà. Ẹni tó fẹ́ ra ike lọ́wọ́ mi á gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, èmi náà á gbé tèmi sí i, àwọn méjèèjì á máa dúnàádúrà títí wọn á fi fẹnu kò sí iye kan. Àwa tó lowó àti àwa tó lọjà, a kàn máa dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ti olùrà, òmíràn ló ni ti olùtà. Ti olùrà ń sọ̀rọ̀ bí bàbá tí ikọ́ ń dà láàmú, tèmi ń sọ̀rọ̀ bí tíṣà, wọ́n sì máa ń jà! Lọ́jọ́ kan tèmi pe tọ̀hún ní ahun. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan ra èkejì mọ́ra. Wọ́n ní kò sóhun tó yí padà, pé ògiri wà láàárín ẹ̀ka méjèèjì. Mo wá ògiri náà nínú fóònù mi títí, mi ò rí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù kí mi kú òwúrọ̀, ohùn rẹ ló fi kí mi. Ọmọ mi, orí abọ́ ìfọṣọ ni mo jókòó lé, ó fọ́.

O ti sọ fún mi pé iṣẹ́ tí o rí ni pé kí o máa ka ọ̀rọ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọjà wa ni wọ́n máa fi ọ́ sí. Mo kàwé girama, mi ò kì í ṣe ẹni tó ń yẹ ẹ̀yìn rédíò wò bóyá èèyàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohùn ọmọ rẹ̀? Mo dúpẹ́ pé o níṣẹ́, àyà mi sì tún já. Gbogbo ọjà yìí, ìwọ nìkan? Oníbàárà ń ná korobá lọ́dọ̀ mi, ìwọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kún un. Nínú fóònù tirẹ̀, ìwọ yìí kan náà lo ń ní kí ìyá yìí yọ díẹ̀ kúrò. Mo ní irú ọmọ wo ló ń ná ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí? Alápatà tó wà níwájú mi rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣebí ọmọ mi ni, kí n gbá a létí. Mo ní kó fi etí ẹ̀ hàn mí.

Láràárọ̀ ni mò ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Níbẹ̀rẹ̀, èsì rẹ ni pé kí ni mo fẹ́ tà lónìí. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, mo wá ń fi aṣọ bo fóònù lọ́sàn-án kí o lè rí ojú sùn. Nígbà tó ṣe, o bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé o ti jẹun, mà, o sì yó. O tún wá ń fa imú díẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀, bí o ti máa ń fà á nílé tí o bá fẹ́ purọ́.

Ìgbà náà ni ìbà mú àbúrò rẹ. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré lọ sọ́dọ̀ olóògùn. A gbé fóònù méjèèjì kalẹ̀. Tèmi ní kí wọ́n ṣàánú. Tirẹ̀ fa imú, ó ní ìyá yìí ń sunkún, yóò san án. Tèmi wá ṣíwọ́ ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jùmọ̀ pe iye kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka áfábẹ́ẹ̀tì. Olóògùn fúnra rẹ̀ ní òun ò tà á tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí òun bá dín in, fóònù ò ní darí oníbàárà sọ́dọ̀ òun mọ́. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi kún un. Àbúrò rẹ ti gbádùn, má fòyà. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o pọn ọmọ yẹn títí ẹ̀yìn rẹ fẹ́ẹ̀ẹ́ tẹ̀, ṣé ìwọ lo lè ṣe irú ìyẹn?

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan fẹ́ mú fóònù tiwọn wá. Tiwa ò dá a lóhùn. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, tiwa á kàn dákẹ́ bí òkúta. Wọ́n fẹjọ́ sùn, obìnrin kan sì wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí i pé kí ẹnì kan má gba ọjà mọ́ gbogbo ayé lọ́wọ́. Ó kó àwa ọlọ́jà lọ sí kóòtù láti jẹ́rìí. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ní fóònù olùrà kò gbọ́ ohun tí fóònù olùtà ń gbọ́, pé ẹni tó bá ní irọ́ ni kó fi hàn. Bí kò bá sẹ́ni tó lè fi hàn, ẹjọ́ tán nìyẹn, ọjà wa di tiwọn pátápátá. Wọ́n gbé fóònù olùtà kan sórí tábìlì adájọ́, wọ́n gbé ti olùrà sí ojú fèrèsé lọ́hùn-ún. Wọ́n wá pè mí.

Kí ni mo mọ̀? Ojú ló tì mí láti kọjá lára ọmọ mi láìkí i. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tó wà lórí tábìlì, mo rọra bi í pé Aláròyé, ṣé kò rẹ̀ ọ́?

Èyí tí mo bá sọ̀rọ̀ ò fọhùn. Èyí tó wà lójú fèrèsé ló dáhùn. Ó ní ó ti rẹ òun, mà.

Lọ́yà fẹ́ jókòó, kò wẹ̀yìn, àga ò sí níbẹ̀. Adájọ́ ní ẹnì kan náà ni wọ́n, kí ilé-iṣẹ́ náà là wọ́n níyà, kí wọ́n sì jẹ́ kí fóònù àwọn ẹlòmíràn bá tiwa sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ọjà gbé mi sókè. Alápatà fún mi ní ẹran ọ̀fẹ́, egungun ni o.

Ṣùgbọ́n inú mi ò balẹ̀. Mi ò pè ọ́ ní Aláròyé lọ́jà rí, inú ilé wa nìkan ni mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún un? Ta ló sì rẹ̀? Láti ọjọ́ tí o ti ka ọ̀rọ̀ yẹn tán nínú yàrá, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu mọ́, o kàn ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá là á sí méjì, èwo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ? Lánàá ẹnì kan pè mí, ohùn rẹ ni. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, ó sì fa imú. Mo pa fóònù náà, mo fi í sínú àpótí.

Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Wá owó díẹ̀ fún òrùlé àti fún oògùn ẹ̀yìn bàbá rẹ, má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. Bí kò bá sí owó, gbé ọwọ́ lásán wá. Ẹnu tí o fi jáde nílé, òun ni wàá fi padà wọlé. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ kò ní di ti gbogbo ayé.

Tí o bá dé, má pè mí láti ìta, mi ò ní jẹ́ ẹ. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn. Wọlé, wá dúró níwájú mi, kí n kọ́kọ́ rí ojú rẹ. Bí wọn ò bá sì ṣẹ́ ohùn kankan kù fún ọ, má tijú. Mo ti mọ̀ ọ́ kí o tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Èmi ni,
ìyá rẹ.