Àyàntúndé Kọ Ebè Àna Rẹ Kó Tó Lọ Gbá Bọ́ọ̀lù

Tàjùdéèn ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi tí o wà ní Ìkòròdú. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ọ̀sà yóò máa ṣọ́ ìwọ náà. Ara mi le, bàbá rẹ náà ń jẹun, àfi eyín rẹ̀ kan tó ń mì tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà. Mutmainah àbúrò rẹ ń kí ọ.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ọ̀gá yín níléeṣẹ́ ọṣẹ kò gbà kí o wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna rẹ ní Sátidé. Mo ro ó títí, mo rí i pé àwa la jẹ̀bi, a kò tíì mú ẹja yíyan lọ kí i láti ìgbà tó ti gbà ọ́ síṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Sàlàkọ́ kò fẹ́ gbọ́ ti ọ̀gá kankan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ Kúlúsúmù ọmọ òun gbọ́dọ̀ kó ọ̀rẹ́ wá kọ ebè sóko ẹ̀gẹ́ òun, bí bàbá rẹ ṣe ṣe fún bàbá tèmi, àti pé bí Sátidé bá kọjá láìsí ebè, kí a má yọjú sí òun mọ́.

Bí ilẹ̀ Sátidé ṣe ń mọ́ ni Àyàntúndé ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń gbá sínúkà ní Ìgbògbò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Màámi, Táju ló ní ká wá, ẹ fi oko hàn wá. Bàbá Sàlàkọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọwọ́ yìí mà rọ̀ bíi tìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, iṣẹ́ kí lo ń ṣe? Àyàntúndé ní bọ́ọ̀lù ni òun ń fi igi gbá sínú ihò lórí tábìlì, ibẹ̀ lòun sì ti ń jẹun. Bàbá Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó ní kó fi igi sílẹ̀ kó gbé ọkọ́. Ọmọ náà gbé ọkọ́. Á bẹ̀rẹ̀, á di ojú kan, á wo ìlà náà kó tó sọ ọkọ́ kalẹ̀, gbogbo ebè rẹ̀ sì tọ́ bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i, pé ṣé ó mọ̀ pé àṣekágbá wọn wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án yẹn, kó wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bó. Àyàntúndé ní kó dákẹ́, ìyá Táju ń gbọ́. Ni mo bá ní mo ń tẹ̀ lé wọn lọ.

Tàjùdéèn, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà bí ẹni fẹ́ jẹun, oúnjẹ kankan kò sì dé. Ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun, mo rò pé nọ́ọ̀sì ni, mo ní kó bá wa wo ọwọ́ Àyàntúndé, ó ní kí n jókòó. Àyàntúndé ń fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró pa orí igi rẹ̀, mo ké sí i pé ọwọ́ rẹ̀ ló bó, kì í ṣe igi. Bọ́ọ̀lù funfun ni wọ́n fi ń lé àwọn yòókù wọ ihò. Jamilah tó ń ta omi tútù níbẹ̀ ní kí n máa gbàdúrà kí funfun má wọlé o. Mo ní kí ló ṣe? Ṣé òun kì í ṣe ọmọ tábìlì ni? Gbogbo wọn pátá ni mo ṣàdúrà fún.

Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́! Bó ṣe ń nà án ló ń wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ku dúdú nìkan. Ó gbá a, ó wọlé, funfun náà sì rọra tẹ̀ lé e wọ ihò. Mo fò sókè, mo ké Alhamdulillahi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ di orí mú, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ nìkan ló bá mi hó. Oníbọ̀wọ́ na ọwọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n jọ gbá a sókè, wọ́n gbé ife fún un. Mo mọ̀ pé ìpẹ̀ ni, kó má baà sunkún délé. Àyàntúndé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wá bá mi, ó ní Màámi, ẹ ṣé tí ẹ bá mi yọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Àyàntúndé wò ó, onítọ̀hún sì gbẹ́nu dákẹ́. Mi ò rí ẹni tó borí tí kì í fọ́nnu báyìí rí.

Nígbà tí mo fi padà dé, Bàbá Sàlàkọ́ ti lọ wo oko. Ó ní òun kò tíì mọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú ọ̀rẹ́ yẹn kò lè burú jù, kí a mú ọjọ́ ìyàwó wá. Ṣùgbọ́n kí o tètè yọjú fúnra rẹ, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ti ń pe Àyàntúndé ní ọkọ Kúlúsúmù.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìpara fún ọwọ́ rẹ̀. Má fi púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà o, ọmọbìnrin oní-POS tó wà níbí tínrín, kò lè gbé owó tó wúwo.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọjọ́ tí Àyàntúndé máa nílò rẹ, kó sì jẹ́ kí o lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, Ṣẹ̀rífátù, ní Ejìnrìn.