Èènì Ẹran Adìẹ ní Àjàó Estate

Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Òkèhò.
Ọjọ́ Ajé.

Àrìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé omi ti ń yọ nínú ẹ̀rọ ilé yín ní Ìsọlọ̀, àbí ẹ ṣì ń rà á ní kẹ́ẹ̀gì? Mo kí Nafeesah tí ẹ jọ ń gbé yàrá, mo kí onílé yín, mo sì kí obìnrin ìsàlẹ̀ tó yá mi ní agboòrùn nígbà tí mo wá. Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀ ọ́, epo gbígbóná ò ní ta sí ọ lára, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ kò ní mọ ọ̀nà ibi tí o wà.

Àlàáfíà la wà nílé. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí fóònù tí o rà fún un ti dé, èyí tí wọ́n ń fi ìka pa lójú. Bí ó bá ti dún, á kọ́kọ́ wá fìlà rẹ̀ dé. Kò sì jẹ́ kí n gbé e bí n ò bá wé gèlè, ó ní ẹni tó ń pè lè máa wò wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, mi ò pè. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ìwé mẹ́fà tí mo kà kò tíì kúrò lórí mi. Ohun tí mo bá sọ nínú fóònù, ìwọ nìkan ló máa gbọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ, Lucy, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Tí o bá kà á tán, kí o gbé e fún un.

Nafeesah pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Má bá a jà, èmi ni mo fún un lọ́rùn. Mo pè ọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn rẹ, mo mọ̀ pé ilé lo wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán Ọjọ́rú kì í ṣe ìgbà tó yẹ kí o wà nílé. O ní wọ́n fún yín ní ìsinmi. Ìsinmi kí ni? Iléyá ti kọjá. Mo wá ń da ìbéèrè bo Nafeesah títí ó fi sọ òótọ́. Ó ní wọ́n ti ní kí o lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹran adìẹ mọ́kànlá tí wọn ò rí owó rẹ̀, pé Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n máa pè ọ́ láti sọ bóyá wàá padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí o máa lọ pátápátá. Ó ní ọ̀gá bi ọ́ pé ta ló fún àwọn oníbàárà ní ẹran tí wọn ò sanwó rẹ̀, o sì ní ìwọ ni.

Àrìnkẹ́, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni.

Ọ̀gá Lucy, tí ẹ bá ti ka ìwé yìí dé ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Ìsíátù, ìyá Ameenat tó ń bá yín ṣiṣẹ́, Àrìnkẹ́ ni mo ń pè é nílé. Mo gbọ́ pé ẹ kì í ṣe Yorùbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kò sì gbọdọ̀ fo ibì kankan. Màá ro bí ọjọ́ tí mo wá síbẹ̀ ṣe rí.

Ọmọ mi ní kí n wá bá òun nílé oúnjẹ yín ní aago méjì, kí a jọ rìn lọ sílé. Mo tètè dé. Ọmọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì fún mi, ó kí mi káàbọ̀ lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nínú fóònù, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń kí àbí ẹni tó wà nínú fóònù, mo sáà dá a lóhùn. Otútù ibẹ̀ pọ̀ jù. Mo rò ó pé nítorí kí ẹran má bàa bàjẹ́ ni, mo sì káàánú àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Ojú dúdú kan wà lókè àjà tó ń wò wá. Ameenat ti sọ fún mi pé inú rẹ̀ lẹ ti máa ń rí gbogbo nǹkan, mo bá kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kí yín. Ẹ ò dáhùn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Nafeesah ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi pé ojú náà ti fọ́ láti ìgbà òjò. Ó dùn mí gan-an, torí ká ní ó ríran ni, òun ni ì bá jẹ́rìí fún wa.

Àwọn tó ń dúró gba oúnjẹ mú ìwé kékeré lọ́wọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, bíi ti ọsibítù, kò sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ. Mo wá béèrè orúkọ obìnrin tó wà nítòsí mi, kí ẹnì kan sáà mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó ní Adémidé lòun ń jẹ́, pápá ọkọ̀ òfuurufú lòun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀.

Teslim ló ń bu oúnjẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí aago ṣe lù méjì, ó gbé ẹ̀mú tó fi ń mú ẹran sílẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó sì jáde. Èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí ìlà! Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò tíì dé. Ameenat wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń ka búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ti jáde. Ọmọbìnrin tó ń gbowó jókòó sínú àpótí gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, ó fi nǹkan dí etí méjèèjì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọ̀gá Lucy, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dín àkàrà nílùú yìí kí ẹ̀yìn tó ń dùn mí tó dá mi dúró. Lọ́jọ́ tí mo ń rọbí Ameenat gan-an, ọmọ iléèwé mẹ́rin ló wà nídìí agbada, mo bu tiwọn fún wọn tán kí n tó ké sí ẹnikẹ́ni. Mi ò lè jókòó máa wo oníbàárà tí ebi ń pa, kí oúnjẹ sì wà níwájú rẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi, mo fi fìlà Teslim dé orí gèlè, mo bọ́ sẹ́yìn káńtà.

Ohun tó wà nínú ìwé ẹni àkọ́kọ́ ni ẹran méjì. Mo mú méjì, mo fi ọ̀kan ṣe èènì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún àwọn tó kù. Bóyá wọn kì í ṣe èènì ní ìlú tiyín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí èèyàn bá ra nǹkan, tí ọjà rẹ̀ ti pé, a máa ń fi díẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé a ṣì í kà, kì í sì í ṣe sàráà. A kàn fẹ́ kó mọ̀ pé a rí i, pé kó padà wá. Ọmọkùnrin kan wo inú páálí rẹ̀, ó ní òun ò sanwó ẹ̀kẹta o. Mo ní mo mọ̀, èènì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún mẹ́rin rèé tóun ti wà l'Ékòó, òun rò pé wọn kì í ṣe èènì mọ́ láyé. Adémidé di ọwọ́ mi mú, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ìgbà tí Ameenat fi máa jáde, ẹni kọkànlá ti ń lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó rọra bọ́ fìlà náà lórí mi, ó ní kí n lọ jókòó, mo sì rò pé ó ń ro ti ẹ̀yìn mi ni. Bó ṣe rí nìyẹn, Ọ̀gá Lucy. Kò sí níbẹ̀, kò sì rán mi níṣẹ́.

Àrìnkẹ́, ìwọ ni mo padà sí báyìí. Láti Àjàó Estate títí a fi dé Ìsọlọ̀ ni mo ń wàásù fún ọ. Mo ní ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, aago lẹ ń bá ṣiṣẹ́, ẹ ò bá èèyàn ṣe é. Mo ní kí o wo bí mo ṣe ṣe é, kí o fi kọ́gbọ́n. O ní ẹ ṣeun, Màámi. O gba àpò lọ́wọ́ mi, o ra àgbàdo sísun fún mi, o tún bó èèpo rẹ̀. O ti mọ̀ nígbà yẹn pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ò sì sọ fún mi. Ìgbà tí mo rántí àgbàdo yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sunkún.

Nafeesah ní ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́yìn káńtà yẹn, pé wọ́n lè pe ọlọ́pàá sí i. Ó ní o sọ pé kí wọ́n pè ọ́ ní aláìbìkítà tẹ́ ọ lọ́rùn ju kí wọ́n pe ìyá rẹ lólè. Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò gbé ní Àjàó Estate, mi ò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ọ̀la ọjọ́ yẹn náà ni mo kúrò l'Ékòó. Kí wọ́n pè mí ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ pè mí. Ìwọ lo ń jẹun níbẹ̀.

Ó tún sọ ti Teslim fún mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, aago mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kejì ní Apakun, òun ló ń san owó iléèwé àbúrò rẹ̀. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú rẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí mo ti ń rò láti ìgbà náà. Èènì tí mo máa ń ṣe nídìí àkàrà, ẹ̀wà mi ni, epo mi ni. Ẹran tí mo fi tọrẹ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi, mi ò sì ní àwáwí.

Nítorí náà, mo ń fi adìẹ mẹ́rin ránṣẹ́. Ṣàmsúdéènì awakọ̀ ló ń kó wọn bọ̀ pẹ̀lú ìwé yìí, kí o dúró dè é ní Bọ́ládé ní Ọjọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kó wọn lọ fún Ọ̀gá Lucy ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò rí ibi tí wọ́n ń kó adìẹ sí lẹ́yìn ilé oúnjẹ yín, ṣùgbọ́n ibi tí ẹran tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, ọgbà adìẹ á wà nítòsí. Sọ fún wọn kí wọ́n má so èyí tó dúdú mọ́ ibi tí ariwo bàálù wà, ó máa ń tètè páyà. Bí ìwé yìí ò bá sì tó, kí ọ̀gá pè mí. Màá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, gèlè ọjọ́ yẹn náà ni màá wé, kí àwọn oníbàárà lè dá mi mọ̀.

O mọ̀ pé ìwé mi kì í parí láìtọrọ owó. Lóṣù yìí, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Oògùn orúnkún bàbá rẹ lè dúró, orúnkún náà kúkú ti dúró láti ọdún tó kọjá. Owó ọkọ̀ adìẹ nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ sí. Ṣàmsúdéènì ní àyè èrò kan ni wọ́n máa gbà, mo ti fún un ní ìlàjì, kí o bá mi fi ìlàjì tó kù lé e lọ́wọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ojú rere ọ̀gá rẹ. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o ṣe bo àṣírí mi, Ọlọ́run á bo tìrẹ. Ọmọ tí ìwọ náà máa bí á dúró fún ọ bí o ṣe dúró fún mi. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìsíátù.

Mo fẹ́ lẹ ìwé náà pa ni bàbá rẹ ní ìṣírò mi ò pé, pé itan méjì àti apá méjì ló wà lára adìẹ kan, adìẹ mẹ́ta sì ti tó fún ẹran mọ́kànlá. Sọ fún Ọ̀gá Lucy pé ìṣírò mi pé. Ẹ̀kẹrin, èyí tó funfun, èènì ni.