Àga Tí Kalafi Yí Sógiri

Māngere, Auckland,
Níu Sílàndì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Keje, 2019.

Lesieli, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ibí ń mú débi pé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ sùn, àmọ́ mo wà láàyè, ẹnu mi sì ṣì ń ṣiṣẹ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n.

O béèrè nípa ìtọ́jú mi. Jẹjẹrẹ ọmú tó ti dé egungun ni, dókítà ò sì tàn mí: oògùn ò lè lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè tì í sẹ́yìn kí n rí ọdún díẹ̀ sí i. Ọdún yẹn ni mo fẹ́. Oògùn méjì ni wọ́n ń fà sí mi lára pa pọ̀ láti ojú iṣan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Màá jókòó sórí àga ní ọsibítù láàárọ̀, màá padà sílé lọ́sàn-án. Kalafi àbúrò mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló ń fi ọkọ̀ gbé mi.

O sì mọ àwa ará Tonga: èèwọ̀ ni kí ọkùnrin gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ara arábìnrin rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì Ngaire fẹ́ ṣàlàyé fún wa, bó ṣe pe "ọmú" báyìí, Kalafi ti jáde bí ẹni tí oyin ń lé. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ohun tí Ngaire sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé bí ara mi bá gbóná, kí wọ́n gbé mi wá kíá, torí oògùn náà ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi lágbára láti bá àrùn jà. Lóṣù tó kọjá, ara mi gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Kalafi fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, ó gbé tíì gbígbóná síwájú mi, ó sì lọ jókòó síta. Sela ìyàwó rẹ̀ ló ti ibi iṣẹ́ dé tó sáré gbé mi lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, dókítà ní bí ẹni tó ń bá mi gbélé ò bá mọ ohun tó yẹ kó ṣe, òun ò ní lè máa fún mi ní oògùn náà mọ́ kí n máa lọ sílé. Mo ní kí wọ́n pe Kalafi. Ó wọlé, ó yí àga sí ògiri, ó jókòó, ó kọ̀yìn sí mi. Ó ní:

"Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ má fo nǹkan kan."

Ngaire sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ọrùn Kalafi ń làágùn nínú òtútù yẹn, àmọ́ kò dìde.

Ní báyìí, àràárọ̀ ló ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Kò ní lọ síbi iṣẹ́ àfi tí mo bá sọ bí ara mi ṣe gbóná tó. Mo ti bú u títí, kò gbọ́.

Ó rẹ̀ mí gan-an lánàá, mo sì sọ fún Sela pé bóyá kí n sinmi, kí n má lọ gba oògùn lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kalafi gbọ́ láti pálọ̀. Kò wọlé. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, a máa lọ. A ò ní fún jẹjẹrẹ ọmú yẹn nísinmi."

Lesieli, àbúrò mi ọkùnrin ló pe orúkọ yẹn sí mi létí! Mo sunkún díẹ̀, mo wá ní kó lọ ra epo sọ́kọ̀.

Bá mi kí Ìyá. Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa hun ẹní tí wọ́n ṣèlérí fún mi lọ, mo máa wálé wá jókòó lórí ẹ̀.

Tìrẹ ni mí tọkàntọkàn,
Fusi.