Gílóòbù Yàrá Wa Àtijọ́

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ṣọ́ọ̀bù Àtúnṣe Ẹ̀rọ Iná,
                                        Ẹ̀gbẹ́ ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Fíùsì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó sínú òkùnkùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín? Ara màmá ńkọ́? Orúnkún wọn tó máa ń ro wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣé ó ṣì ń sọ òótọ́? Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, irun orí mi ṣì pé. Ọ̀gá mi ní kí n kí ọ. Àwọn gan-an ló fa lẹ́tà yìí.

Mo gbọ́ pé níbi iṣẹ́ tuntun rẹ, wọ́n fún ọ ní àga tó ń yí, wọ́n sì ní kí o máa fọwọ́ sí i pé àwọn ẹlòmíì ti tún ẹ̀rọ ṣe. Mo bá ọ yọ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí àga tó ń yí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló ń pariwo lé ọ lórí nísinsìnyí bí nǹkan bá jó?

Ṣé o rántí yàrá wa nígbà tí a wà ní Pólì? Yàrá tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹnì kejì ní láti jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó sì dojú kọ ògiri. O máa ń sọ fún àwọn àlejò pé nítorí ògiri yẹn gan-an la ṣe gba yàrá náà.

Níbẹ̀ la ti kan ẹ̀rọ agbóhùnsókè wa. Gbogbo kapásítọ̀ tí a rí nínú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú la jó mọ́ ọn, nítorí o ní bí kapásítọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn á ṣe dúró tó. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kapásítọ̀ tí kò tíì gba iná dà bí dírọ́ọ̀mù tó ṣófo: bí o bá ṣí omi sí i, gbogbo omi àdúgbò ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. A tẹ súwíìṣì. Ilé ṣókùnkùn. Màmá Onílé, tí wọ́n ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀, fi igbe ta:

“Ẹ̀yin ọmọ Pólì! Ẹ ti tún dé náà nìyẹn?”

Ìwọ sì fi ohùn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa dáhùn: “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó jọ pé iná ló lọ.”

Ìwọ lo lọ pààrọ̀ fíùsì. Ìwọ náà lo tún lọ ní ìrọ̀lẹ́, àti ní ọjọ́ kejì, títí Màmá Onílé fi gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ sọ ọ́.

Ìgbà yẹn lo gbé gílóòbù ńlá yẹn dé, irú ti àtijọ́ tó lè yan ẹyin. O fi í sáàárín iná ilé àti ẹ̀rọ wa, kí iná tó ń lọ bá kapásítọ̀ kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. A tẹ súwíìṣì. Gílóòbù tàn yòò, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí kapásítọ̀ ṣe ń kún, ó sì kú. Ilé kò ṣókùnkùn. O fi wáyà fo gílóòbù náà kọjá, kí iná má gba inú rẹ̀ mọ́, a so sípíkà mọ́ ẹ̀rọ, orin dé. Ṣé o rántí pé a kò jó? A kàn jókòó, à ń wo gílóòbù tó ti kú bí ẹni tó ń wo fọ́tò bàbá rẹ̀. Màmá Onílé ń rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri ìta lójoojúmọ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé a ń kàwé. A kò ta kò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa, kò pọn dandan kí n dárúkọ rẹ̀, èmi ni, so sípíkà mọ́ ẹ̀rọ kí a tó tan án. Gílóòbù kò kú, orin kò sì dé. O rẹ́rìn-ín, o ní, “Wáyà, jẹ́ kó yó ná kí o tó rán an níṣẹ́.”

Ọ̀gá mi fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ojú wọn kò rí wáyà tín-ín-rín mọ́. Wọ́n ní bí iṣẹ́ ọsibítù tó wà lọ́wọ́ wa bá yọrí, ṣọ́ọ̀bù di tèmi. Bí kò bá yọrí, ilé ìtẹ̀wé á gbà á, wọ́n á fi kó bébà sí. Iṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tó lè gbé fìríìjì oògùn àwọn ọmọdé. O mọ̀ pé mótò fìríìjì máa ń fa iná gan-an tó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà mo to kapásítọ̀ ńláńlá sí ẹnu ibi tí iná ń gbà jáde. Mo tan án níwájú olórí nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ náà rò pé wáyà méjì ti fara kanra, ló bá pa ara rẹ̀. Ó tún gbìyànjú, ó tún pa ara rẹ̀, bí ẹni tí òsúkè mú.

“Ṣé bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí?” ni olórí nọ́ọ̀sì bi mí.

Mo ní rárá mà, ó ń mí ni. Wọ́n ní kí n gbé e lọ síbi tó ti máa mí tán, kí n sì gbé e padà wá lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi résísítọ̀ kan sí i kí iná má baà ya wọ inú kapásítọ̀. Résísítọ̀ gbóná, ó pọ́n, ó rùn. Ọ̀gá mi gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń wo ògiri bí ẹni tó ń wọn ibi tí bébà máa dé. Mo jókòó. Ojú mi bọ́ sára fìríìjì ògbólógbòó tí a fi ń dán iṣẹ́ wò. Ó ti so mọ́ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀! Bí iná ṣe ń wọlé ni fìríìjì ń gbà á lọ, kapásítọ̀ kò lè kún láé. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ, ohùn ẹni tí kò tíì wẹ̀ láti àárọ̀: jẹ́ kó yó ná.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn tí mo ń sùn, mo fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo mú gílóòbù wa. Ó ṣì wà. Nígbà tí a ń kó kúrò nílé Màmá Onílé, o fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ kan wé e, o ní kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀. Gílóòbù náà dára. Ti ìbọ̀sẹ̀, n kò lè sọ. Mo fi gílóòbù rọ́pò résísítọ̀, mo sì ṣètò súwíìṣì méjì tí ẹ̀rọ á máa tẹ̀ fúnra rẹ̀: bí kapásítọ̀ bá kún, èkíní á fo gílóòbù kọjá, èkejì á wá so fìríìjì mọ́ ọn.

Ọ̀gá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọ bàtà tí wọ́n fi ń lọ síbi ìsìnkú. Mo tan ẹ̀rọ. Gílóòbù tàn, inú olórí nọ́ọ̀sì dùn. Gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

“Ó ń kú lọ o!”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.”

“Ẹ wá gbé nǹkan tó yẹ kó kú wá sí ọsibítù?”

Bí wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni súwíìṣì dún, fìríìjì gbéra, ó sì ń kùn. Ó ṣì ń kùn títí di òní, mo ti lọ wò ó. Mo ti fi nǹkan tó bójú mu rọ́pò gílóòbù níbẹ̀, mo sì gbé tiwa padà wálé. Ọ̀gá mi kò yìn mí. Wọ́n kàn na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi, wọ́n ní kí n máa gbá ilẹ̀ dé abẹ́ tábìlì.

Tábìlì méjì ló wà níbí, Fíùsì. Èmi jókòó sí ọ̀kan. Mo gbé gílóòbù kọ́ sókè ìkejì. N kò ní kí o fi àga tó ń yí sílẹ̀ o, mo kàn ń ròyìn bí ibí ṣe rí fún ọ ni. Ìwọ lo máa ń sọ nígbà yẹn pé bí a bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìwọ máa jókòó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà. Ó dojú kọ ògiri.

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi kí màmá àti orúnkún wọn, kí o sì bá mi ju ọmọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ń bọ̀, mú ìbọ̀sẹ̀ kejì yẹn dání.

                                        Alájọgbé rẹ títí di òní,
                                        Wáyà