Ilé ẹ̀kọ́ orin tó gba Kọ́lá

Rolla, nítòsí Dubai, ọjọ́ Jímọ̀, 2010

Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní London ti gba Kọ́lá, àbúrò tí mo kọ́ ní dùùrù nínú yàrá yìí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, torí ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń ṣe ìsìn níbí, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láyé Ọbabìnrin Victoria, kí ọmọ tálákà tó lẹ́bùn lè kọ́ orin. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Kò dárúkọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá mi yọ̀ ni?"

"Ṣé kí n máa fò sókè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tẹ́yin náà ò kọ̀wé sí wọn?"

Mo ní torí pé ọrọ̀ ajé Dubai dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé wọ́n lè ní n ò lẹ́bùn.

Ṣé ẹ̀rù ò ba Kọ́lá ni?